Kì í ṣe chip inú àpò yín ló ń bà mí lẹ́rù

Ìyá Ìbejì kọ̀wé sí mi láti Abẹ́òkúta. Ọmọ wọn tó wà ní Manchester fẹ́ kí wọ́n wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ òun, wọ́n sì ti gba ìwé ìrìnnà tuntun, irú èyí tó ní chip (ègé kọ̀ǹpútà kékeré) nínú. Wọ́n ní: "Ọmọkùnrin kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ fún mi pé bí mo bá gbé ìwé yìí sínú àpò, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì mí nínú ọkọ̀ lè fi fóònù fa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, títí kan ìka tí mo tẹ̀, àti pé ìjọba lè máa fi chip náà ṣọ́ ibi tí mo bá lọ. Ó ní kí n fi fóìlì wé e. Ẹlòmíràn ní kí n fi òòlù lù ú kí chip náà lè kú. Mo ti ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí ọmọ mi àti sí ajẹ́ntì lórí WhatsApp. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni òótọ́ nínú gbogbo rẹ̀?"

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá, ẹ sì ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kan òòlù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n sọ fún yín, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n nàka sí kọ́ ni ewu wà. Gbólóhùn tó dá mi dúró nínú lẹ́tà yín ni èyí tí ẹ fi parí rẹ̀, tí ẹ sọ bí ẹni pé kò tó nǹkan: fọ́tò orí WhatsApp yẹn. Màá padà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú chip náà kúrò lọ́nà.

Ẹ wo èèpo ìwé yín, ẹ ó rí àmì wúrà kékeré kan níbẹ̀: igun mẹ́rin tí ìlà gé sí méjì, tí òbìrípo kan wà láàárín ìlà náà. Àmì tí ICAO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú, fọwọ́ sí nìyẹn, ó ń sọ fún aṣọ́bodè gbogbo ayé pé chip wà nínú ìwé yìí. Malaysia ló kọ́kọ́ fi chip sínú ìwé ìrìnnà, ní 1998. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2007, a sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ní Áfíríkà. Èyí tí ojú ìwé àwòrán rẹ̀ le bí ike, ọdún 2019 ni ìjọba ṣí i.

Chip náà kò ní bátìrì. Kò lè dá sọ̀rọ̀. Ṣe ló ń sùn títí ẹ̀rọ ìkàwé yóò fi sún mọ́ ọn, tí yóò fi agbára ìgbì rédíò jí i, ó sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn gan-an: bíi sẹ̀ǹtímítà 10, tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Bí ẹ̀rọ náà bá ti kúrò, chip ti sùn padà nìyẹn. Kò mọ ibi tó wà. Kò lè bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, kò sì lè bá òpó tẹlifóònù kankan sọ̀rọ̀. Nítorí náà ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ pé ìjọba ń fi í ṣọ́ yín láti Lafẹ́ńwá dé Kútọ̀. Fóònù tó wà nínú àpò kan náà ló ń sọ ibi tí ẹ wà fún ilé iṣẹ́ tó ni òpó, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tàn án.

Kí ló wà nínú chip yìí? Orúkọ yín, nọ́ńbà ìwé, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tí ìwé yóò parí, àti fọ́tò ojú yín. Ìyẹn ni pé ohun tí ojú lè rí lójú ìwé náà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè kan fi ìtẹ̀ka kún un. Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ ọ́ di dandan láti 2009. Amẹ́ríkà kò fi ìka sínú tirẹ̀. Níbi tí ìka bá sì wà nínú chip, ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀ tó le ju ti ìyókù lọ ni ICAO dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi tì í. Níbi tí wọ́n bá ti lo irú ilẹ̀kùn tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń lò, ẹ̀rọ ìkàwé gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí tí orílẹ̀-èdè tó ni ìwé ìrìnnà náà fún un jáde kí chip tó gbà. Fóònù ẹni tó jókòó tì yín nínú ọkọ̀ kò ní irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ìbẹ̀rù ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yín ní ìtàn, mi ò sì fẹ́ kí ẹ rò pé ó kàn ń sọ ìsọkúsọ. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé ètò ìwé ìrìnnà oní-chip jáde ní 2005, wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ láìtì í. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ ìkàwé tó sì sún mọ́ ọn ìbá kà á. Wọ́n ní kí ará ìlú sọ èrò wọn, ó lé ní 2,000 ènìyàn tó kọ̀wé wá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló kọ̀ ọ́. Ìjọba yí ètò padà: wọ́n fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú èèpo ìwé, wọ́n sì fi àgádágodo sí chip kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún ará ìlú ní 2006. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún ẹni tó bá ní kí ni ariwo aráàlú lè ṣe sí irú nǹkan báyìí. Ní Belgium, wọn ò tètè rí i. Àwọn ìwé tí wọ́n fún ènìyàn láti ìparí 2004 títí di àárín 2005 kò ní àgádágodo rárá, àwọn olùṣèwádìí ní yunifásítì Louvain-la-Neuve sì fi hàn ní 2007 pé fọ́tò ojú àti ìbuwọ́lù ẹni tó ni ín ṣeé fà jáde láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Àgádágodo tí wọ́n wá ń lò ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ lóye, nítorí òun ni gbogbo ìdáhùn mi dúró lé. Ẹ ṣí ojú ìwé tí àwòrán yín wà. Ẹ wo ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó kún fún lẹ́tà àti àmì bí ẹnu ẹyẹ. Nọ́ńbà ìwé, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ tí ìwé yóò parí wà níbẹ̀. Nǹkan mẹ́ta yìí ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rọ tí kò bá mọ̀ ọ́n, chip kò ní fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn án. Èrò àwọn tó ṣe é dára: ẹni tí ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣí ìwé fún, ẹ ti gbà kó rí ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹni tí ẹ kò ṣí i fún, kò ní kọ́kọ́rọ́.

Ẹni tó bá jókòó tì yín nínú ọkọ̀ lónìí kò mọ nọ́ńbà ìwé yín. Kò lè ka nǹkan kan. Mo ti fi ìwé ìrìnnà tèmi dán an wò pẹ̀lú fóònù mi: tí mi ò bá kọ́kọ́ tẹ nǹkan mẹ́ta yẹn sínú rẹ̀, chip kò ní ṣí, tí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ tán, mo ní láti gbé fóònù lé orí ìwé pẹrẹsẹ kí n má sì mira, torí tí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ó já. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín ní Manchester mọ̀ ọ́n, nítorí áàpù tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn àlejò fi ṣe ìwé àṣẹ ìgbé-ìlú orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ní kí wọ́n ya ojú ìwé náà kí ó tó ní kí wọ́n gbé fóònù lé chip. Kọ́kọ́rọ́ ló ń gbà lọ́wọ́ ìlà méjì yẹn.

Àgádágodo yìí kò le tó bí ó ṣe yẹ. Nǹkan mẹ́ta náà kì í ṣe ohun tó ṣòro mọ̀ tó bẹ́ẹ̀; ọjọ́ ìbí ọ̀pọ̀ nínú wa wà lórí Facebook, níbi tí wọ́n ti ń bá wa ṣe ìdùnnú lọ́dọọdún. Ní Netherlands, nọ́ńbà àwọn ìwé ń tẹ̀lé ara wọn bí ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ara wọn, ilé iṣẹ́ Riscure sì fi hàn pé bí ènìyàn bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí chip àti ẹ̀rọ ìkàwé ń bá ara wọn sọ, kọ̀ǹpútà lè wá kọ́kọ́rọ́ náà rí láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì. Ní England ní 2007, Adam Laurie tó jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú iṣẹ́ yìí bá oníròyìn kan ka ìwé ìrìnnà tuntun láìtú àpòòwé tí wọ́n fi ránṣẹ́. Nítorí irú nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n ṣe ṣe àgádágodo tuntun tó ń jẹ́ PACE. Ẹni tó bá ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ náà kò ní rí nǹkan kan mú nínú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní ojú ìwé náà lọ́wọ́ ṣì ní kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀rọ̀ míì wà tí ẹ kò béèrè ṣùgbọ́n tí àwọn ènìyàn máa ń gbé pọ̀ mọ́ ọn: ṣé wọ́n lè ṣe àdàkọ chip náà kí wọ́n fi rìnrìn àjò lórúkọ yín? Wọ́n ṣe é rí. Ní 2006, Lukas Grunwald, ọmọ Jámánì, da chip ìwé ìrìnnà Jámánì kọ sínú chip míì níbi Black Hat, ìpàdé àwọn ògbóǹtarìgì ààbò kọ̀ǹpútà, ní Las Vegas, ariwo sì ta. Ṣùgbọ́n àdàkọ ni, Màmá. Orúkọ yín àti ojú yín ló ṣì wà nínú rẹ̀. Olè tí ojú rẹ̀ kò jọ tiyín kò lè fi í kọjá níwájú ẹni tó bá wò ó dáadáa. Tó bá sì yí fọ́tò náà padà, ó ti ba ìbuwọ́lù ìjọba jẹ́.

Ìbuwọ́lù yìí ni agbára chip gan-an, ó sì yé àwọn baba wa tipẹ́ ká tó bí kọ̀ǹpútà. Ẹ rántí àwọn ìlàrí Aláàfin. Wọ́n á fá apá kan orí ìlàrí, àmì náà á sì wà lára rẹ̀ débi tó bá lọ. Ìlú tó mọ àmì Ọ̀yọ́ á mọ̀ pé ọba ló rán an. Ṣùgbọ́n ìlú tí kò mọ̀ ọ́n ńkọ́? Ẹnikẹ́ni lè fá orí ara rẹ̀ wá síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni chip. Ìjọba tó ṣe ìwé náà fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí, tó yàtọ̀ sí ti ìlà méjì yẹn, buwọ́ lu ohun tó wà nínú rẹ̀, aṣọ́bodè ìlú tí ẹ ń lọ sì gbọ́dọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ ìta ìjọba yẹn, ìyẹn èyí tí wọ́n fi síta fún àyẹ̀wò, lọ́wọ́ kó tó lè mọ̀ bóyá ìbuwọ́lù náà jẹ́ òtítọ́. ICAO ní àkójọ kan tí àwọn orílẹ̀-èdè ń kó kọ́kọ́rọ́ wọ̀nyí sí. Ní 2008, Jeroen van Beek, olùṣèwádìí ní yunifásítì Amsterdam, fi fọ́tò Osama bin Laden sínú àdàkọ chip, ó fi ìbuwọ́lù tó ṣe fúnra rẹ̀ lù ú, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń dán ìwé ìrìnnà wò sì gbà á. Lọ́dún yẹn kan náà ni chip olórúkọ Elvis Presley, olórin tó ti kú láti 1977, kọjá lójú ẹ̀rọ kan ní pápákọ̀ òfurufú Schiphol. Ẹ̀rọ náà kò béèrè ẹni tó buwọ́ lù ú.

Èyí tó dùn mí jù wá ní 2018. Amẹ́ríkà ló fi dandan lé e pé kí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò gba físà lọ́dọ̀ rẹ̀ máa lo ìwé oní-chip. Àwọn sẹ́nétọ̀ méjì, Ron Wyden àti Claire McCaskill, kọ lẹ́tà sí àwọn aṣọ́bodè ilẹ̀ wọn lọ́dún yẹn pé láti 2007 ni wọ́n ti ń ka chip, ṣùgbọ́n wọn kò ní ètò kọ̀ǹpútà tí yóò yẹ ìbuwọ́lù inú rẹ̀ wò. Ọdún mọ́kànlá. Àwọn orílẹ̀-èdè ná owó, wọ́n fi chip sínú ìwé, àwọn tó ní kí wọ́n fi í síbẹ̀ kò yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ìjọba kan bá sọ fún mi pé nítorí ààbò ni òun ṣe ń gba nǹkan lára mi, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè nìyẹn: ṣé ẹ ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Ọ̀rọ̀ ìṣọ́ni ní apá kékeré kan tó jẹ́ òtítọ́. Ní 2008, àwọn olùṣèwádìí kan, tí Mostowski àti Poll ní yunifásítì Radboud ní Netherlands wà lára wọn, fi hàn pé chip orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe máa ń dáhùn nígbà tí ẹ̀rọ bá béèrè ohun tí kò tọ́, débi pé ènìyàn lè mọ ọmọ ìlú ibi tí o jẹ́ láìṣí àgádágodo náà. Ní 2010, Tom Chothia àti Vitaliy Smirnov ní Birmingham rí i pé bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan láàárín chip àti ẹ̀rọ rí, tí wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún un lọ́jọ́ míì, ìwé tó ni ọ̀rọ̀ náà máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó kọ̀ ju ìwé mìíràn lọ. Ìdádúró kékeré yẹn tó láti mọ̀ pé ìwé báyìí ló kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Fún oníròyìn tí ìjọba ń wá, tàbí ẹni tó sá fún ogun, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Fún ìyá tó ń lọ wo ọmọ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀ nítorí yín. Fóìlì ń dènà rẹ̀ lóòótọ́, nítorí ìgbì rédíò kì í la irin kọjá. Tí ọkàn yín bá balẹ̀ sí i, ẹ wé e, kò ba nǹkan jẹ́.

Ó wá ku fọ́tò yẹn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra ẹ̀pà sísun lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán, mo tú bébà tí wọ́n fi dì í wò, mo sì rí ojú ọkùnrin kan tó ń wò mí. Fọ́tòkọ́pì ìwé ìrìnnà rẹ̀ ni. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pérépéré, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ibi tí wọ́n ti bí i, nọ́ńbà ìwé, àti ìlà méjì yẹn nísàlẹ̀. Òǹtẹ̀ ọ́fíìsì kan wà lára bébà náà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́pà kò mọ nǹkan kan. Bébà ló rà ní kílò ní ọjà. Ọ́fíìsì tí ọkùnrin yẹn gbọ́kàn lé ló kó ìwé rẹ̀ dà síta nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́. Mo ya bébà náà wẹ́wẹ́, mo sì jókòó fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ẹni tó jí ìwé rẹ̀. Kò sí ẹni tó fi ẹ̀rọ ka chip rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un fún wọn, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti ń ṣe, nítorí wọ́n ní kó mú un wá.

Fọ́tò orí WhatsApp kò yàtọ̀ sí bébà ẹ̀pà yẹn, àfi pé kì í gbó. Ó wà nínú fóònù yín, nínú fóònù ajẹ́ntì, nínú àkójọ fọ́tò fóònù rẹ̀ níbi tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè rí i, bóyá nínú kọ̀ǹpútà bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹni tó bá ní in lè pè yín lórí fóònù kó ní láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe físà ni òun ti ń pè, kó ka nọ́ńbà ìwé yín àti ọjọ́ ìbí yín fún yín, ẹ ó sì gbà á gbọ́, torí ta ni ìbá tún mọ̀ ọ́n? Lẹ́yìn náà ló máa ní kí ẹ san owó díẹ̀ sí i. Ó lè fi í wá owó yá lórí áàpù lórúkọ yín. Kò nílò chip rárá.

Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ ajẹ́ntì nìkan. Ẹ wo ilé ìtura tó ń gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ àlejò: ní 2018, Marriott kéde pé àwọn kan ti wọ àkójọ wọn, ìwádìí wọn lẹ́yìn náà sì fi hàn pé nọ́ńbà ìwé ìrìnnà tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún tí wọ́n kò fi àṣírí bò wà lára ohun tí wọ́n kó. Nílé níbí, ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative pariwo pé ìkànnì kan ń ta NIN àti ọ̀rọ̀ tó rọ̀ mọ́ ọn ní 100 náírà. Àjọ NIMC ní kò sí ẹni tó fọ́ àkójọ àwọn. Bó ti wù kó rí, NIN wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó fún wa ní ìwé ìrìnnà, nítorí náà ohun tó bá dé bá ọ̀kan ti dé bá èkejì.

Ọ̀rọ̀ ìka ló ń jẹ́ kí oorun dá lójú mi. Tí wọ́n bá jí nọ́ńbà àṣírí ATM yín, báńkì á fún yín ní òmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìka ńkọ́? Ó dà bí ilà tí wọ́n kọ sójú àwọn bàbá wa: ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n, a kì í pa á rẹ́ ká tún òmíràn kọ. Ní 2015, wọ́n kó ìtẹ̀ka mílíọ̀nù 5.6 ènìyàn lọ ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn yẹn yóò gbé ìka kan náà títí ọjọ́ ikú wọn. Ní Jámánì ní 2008, nígbà tí mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé wọn, Wolfgang Schäuble, ń polongo ìka nínú ìwé ìrìnnà, ẹgbẹ́ Chaos Computer Club gba àmì ìka rẹ̀ lára gíláàsì tó fi mu omi, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn wọn kí gbogbo ènìyàn rí i.

Ibi tí wọ́n kó o sí ló ṣe pàtàkì jù. Ìka tó wà nínú chip tó wà nínú àpò yín, ọwọ́ yín ló wà. Ìka tó wà nínú àká ìjọba, ẹ kò mọ ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn àká náà. Ní Jámánì, òfin wọn ní tí wọ́n bá ti gbé ìwé ìrìnnà lé ènìyàn lọ́wọ́, kí ọ́fíìsì pa ìka tó wà lọ́dọ̀ wọn rẹ́. Netherlands fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan, wọ́n dá a dúró ní 2011. Ní 2013, ilé ẹjọ́ gíga Ìṣọ̀kan Yúróòpù, nínú ẹjọ́ tí ọkùnrin kan pe ìlú Bochum, sọ pé kò burú láti gba ìka sínú ìwé ìrìnnà, ṣùgbọ́n wọ́n fi yé wa pé òfin náà kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fi kó àká ìka jọ. Àwa ńkọ́? Ìka kan náà la tẹ̀ fún BVN, fún NIN, fún káàdì ìdìbò, fún síìmù, fún ìwé ìrìnnà. Mi ò bá ìjọba jà pé wọ́n gbà á. Ohun tí mò ń fẹ́ ni kí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan sọ fún wa ibi tí wọ́n kó o sí, ẹni tó lè wò ó, àti iye ọdún tí wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀. Òfin wà lẹ́yìn wa. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ìka àti ojú sí ohun tó gba ìṣọ́ra pàtàkì; ẹni tó bá kó o jọ tí nǹkan sì bà á jẹ́ lọ́nà tó lè pa ènìyàn lára gbọ́dọ̀ sọ fún Nigeria Data Protection Commission láàárín wákàtí 72, ará ìlú sì lè gbé ẹjọ́ tirẹ̀ lọ bá wọn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ yìn. Ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ tó tán yín lókun ní ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà, níbi tí wọ́n ti fi kámẹ́rà wọn ya ojú yín, ní àǹfààní tó dájú. Ní àwọn ìlú tí ènìyàn ti ń mú fọ́tò tirẹ̀ wá, wọ́n lè fi kọ̀ǹpútà po ojú ènìyàn méjì pọ̀ mọ́ ara wọn kí àwọn méjèèjì lè máa fi ìwé kan rìn. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan ní Jámánì ṣe é ní 2018 láti fi hàn pé ó ṣeé ṣe, wọ́n sì fún wọn ní ìwé náà. Ẹni tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá ya fọ́tò rẹ̀, ó ṣòro kó rí irú ìyẹn ṣe.

Màmá, ẹ gbé òòlù padà síbi tó wà. Ìwé yẹn, ti ìjọba ni, kì í ṣe tiwa, ẹni tó bá bà á jẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ti wá ìjàngbọ̀n. Chip tó kú á sì mú kí wọ́n dá yín dúró kí wọ́n máa bi yín léèrè ọ̀rọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, nígbà tí ọmọ ń dúró dè yín níta.

Tí ẹ bá tún ní láti fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè bóyá ìlà méjì ìsàlẹ̀ pọn dandan. Tí kò bá pọn dandan, ẹ fi bébà bò ó kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí ẹ̀dà náà pé nítorí físà nìkan ni, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ fi í ránṣẹ́ àti orúkọ ẹni tí ẹ fi í fún, kí ẹlòmíràn má lè fi ṣe nǹkan míì. Ọ́fíìsì tó ń gba ìwé físà gan-an, ojú òpó wọn lẹ ó ti fi í ránṣẹ́, kì í ṣe ọwọ́ ajẹ́ntì. Ibi tí wọ́n bá sì ti ń béèrè NIN yín tí wọ́n gba NIN àfidípò, èyí tí NIMC ń ṣe tó máa ń parí lẹ́yìn wákàtí 72, òun ni kí ẹ fún wọn. Bí ìwé náà bá sọnù, ẹ má ṣe fi í di ọ̀la: ẹ sọ fún ọlọ́pàá, kí ẹ sì sọ fún Immigration, torí Interpol ní àkójọ ìwé ìrìnnà tó sọnù àti èyí tí wọ́n jí, tí aṣọ́bodè ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń wò, ṣùgbọ́n ìwé tí ẹnikẹ́ni kò bá kéde kò ní sí níbẹ̀.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí, lónìí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ pe ajẹ́ntì náà, kí ẹ bi í bóyá ó ti parí iṣẹ́ tó fẹ́ fi fọ́tò yẹn ṣe. Tó bá ti parí rẹ̀, kó pa á rẹ́ kúrò nínú WhatsApp àti nínú àkójọ fọ́tò fóònù rẹ̀, nítorí ibi méjèèjì ni fọ́tò máa ń wà. Kí ọmọ yín ní Manchester ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀yin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pè yín lẹ́yìn èyí tó ń ka nọ́ńbà ìwé yín sí yín létí, ẹ má bá a sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ fúnra yín pe ọmọ yín lórí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.